Ẹja Tí Ìwọ̀ Kò Kàn Lẹ́nu

Fámódùn ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń di ọ̀pá ìwọ̀ mú.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ilé bàbá rẹ̀ wà, ẹja pípa sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ará Òṣogbo lè rò pé inú Ọ̀ṣun ni ó ti ń pa á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹja tó wà ní ojúbọ Ọ̀ṣun kì í ṣe ẹja pípa. Àwọn olùsìn a máa ju oúnjẹ sí wọn, wọn a sì yọrí wá gbà á bí adìẹ ilé. Ọmọ Òṣogbo kan kò ní na ìwọ̀ sí wọn. Nítorí náà, omi ibòmíràn ni Fámódùn ń lọ: àbàtà, àkùrọ̀, omi tó sé sẹ́yìn ojú irin. Ó ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlélógún.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, Lábíkẹ́. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ó wà ní ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí etí omi. Kò sí ohun tí bàbá rẹ̀ mọ̀ nípa ẹja tí òun náà kò mọ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó fẹ́ ọmọ Iléṣà kan tí ń jẹ́ Ọlọ́runyọmí, tí ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tí ń ra kòkó. Ìjọ ọkọ rẹ̀ rì í bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Lucy. Fámódùn kò bá wọn jà. Ó ní Lábíkẹ́ ni òun yóò máa pè é.

Ní ọdún 1954, Lábíkẹ́ wá bí àkọ́bí rẹ̀ sí ilé bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n wá ẹja àrọ̀ láàyè tí wọn yóò fi kan ọmọ lórí, nítorí pé orí ni ẹja fi ń la ibú. Àwọn àgbà ilé Fámódùn ní òfin kan lórí èyí. Ẹja tí a ó fi sọmọ lórúkọ kò gbọdọ̀ ní ojú ìwọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ẹnu tó ya kì í pe ọmọ kí ọmọ dúró. Fámódùn ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ti ń dé, ìwọ̀ ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀ ni ó fi mú un.

Lábíkẹ́ wo ẹja náà. Ó ní, "Bàbá, ẹnu rẹ̀ ya."

Fámódùn ní, "Díẹ̀ ni."

Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Fámódùn mọ ohun tó pa á. Ìwọ̀ ni. Àwọn ará Iléṣà náà mọ ohun tó pa á. Màmá Julianah, ìyá Ọlọ́runyọmí, ní ẹja Ọ̀ṣun ni wọ́n fi kan ọmọ náà lórí, òrìṣà sì ti wá mú ohun tí wọ́n fi fún un. Aládùúrà ni obìnrin náà, ohun tí ó bá sọ ni abẹ gé nínú ilé yẹn. Ó ní Lucy kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ Òṣogbo mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fámódùn lọ sí Iléṣà lẹ́yìn ìyẹn. Ní ìgbà kìn-ín-ní, wọ́n ní Lucy wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ń kán lórí okùn, ọṣẹ kò sì tíì gbẹ létí abọ́. Fámódùn kò lọ mọ́. Ọdún mẹ́ta kọjá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1957, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá fún un. Fámódùn kò mọ̀wé. Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ Ajíbóyè. Ajíbóyè ló ń ta ìwọ̀, òwú, abẹ́rẹ́ àti fìtílà, òun ló sì máa ń ka lẹ́tà fún àwọn apẹja. Ó wọ awò rẹ̀, ó kà á sókè:

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Lucy bí ọkùnrin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tìyátọmọ wà ní àlàáfíà. Mo ti bẹ Màmá títí. Wọ́n ti gbà kí ẹ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ mú ẹja wá, kí ẹ̀yin náà sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí ó má ṣe jẹ́ ẹja Ọ̀ṣun. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí èyí bá tún bàjẹ́, mi ò ní ẹnu tí mo fi lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Èmi ọmọ yín, Ọlọ́runyọmí."

Fámódùn ní kí ó tún un kà. Ajíbóyè tún un kà.

"Ó dọwọ́ rẹ, Oníwọ̀," Ajíbóyè wí. "Níbo lo ti fẹ́ mú un?"

"Òṣú."

"Òṣú kẹ̀! Omi yí ọ ká níbí, o fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Òṣú lọ pẹja?"

"Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọn ò lè pe omi ilé ara wọn ní Ọ̀ṣun."

Ajíbóyè mi orí. Ó ní ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ó wá fa àpótí rẹ̀ yọ, ó to ìwọ̀ sílẹ̀ ní mẹ́ta, kékeré, ńlá, àti èyí tó tóbi jù. Ó mú okùn kan tó ń dán jáde. "Wo èyí. Náílọ̀nù ni. Àná ló dé láti Èkó. Omi ò rí i, ẹja ò rí i."

"Ojú oró á rí i," Fámódùn dáhùn.

Òótọ́ ni ó sọ. Omi tí ó ń lọ ní Òṣú kì í ṣe omi tí ojú ń rí. Ojú oró bò ó láti etí dé etí, òṣíbàtà hù láàrin rẹ̀, gbòǹgbò wọn sì so mọ́ra nísàlẹ̀ bí irun tí a kò yà. Okùn tín-ín-rín kò wúlò nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Bí ẹja bá ti gbé ìwọ̀ mì, inú gbòǹgbò ni yóò sá sí, yóò yí i po lẹ́ẹ̀mejì, okùn á já. Okùn òwú tó nípọn ni a ń lò, pẹ̀lú ọ̀pá líle tí kò ga ju ènìyàn lọ, àti ìwọ̀ ńlá ẹyọ kan. A kì í bá ẹja ṣeré níbẹ̀. Bí ó bá ti gbé e, kí a fà á sókè ṣánṣán lẹ́ẹ̀kan náà ni, kí ó tó rántí ibi tí gbòǹgbò wà. Ẹja á jáde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á ya. Nínú ọdún mọ́kànlélógún, Fámódùn kò tíì fi ìwọ̀ fa àrọ̀ kan jáde nínú ewé kí ẹnu rẹ̀ pé.

"Àwọ̀n ńkọ́?" Ajíbóyè bi í.

"Orí ewé ni yóò sùn sí, bí aṣọ tí a sá."

"Kí lo wá fẹ́ rà lọ́wọ́ mi?"

"Okùn. Ìgbọ̀nwọ́ méjìlá. Mo fẹ́ fi so ìgèrè."

Ajíbóyè bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìgèrè! Ìwọ Fámódùn! Iṣẹ́ ọ̀lẹ! Kí èèyàn sùn sílé, kí apẹ̀rẹ̀ máa bá a ṣiṣẹ́! Ọ̀rẹ́ mi ti darúgbó o."

"Wọn okùn mi fún mi."

"Bí wọ́n bá ní kí lo fi mú un ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́ sí oníwọ̀."

"Ta ni yóò bi mí? Ẹja ni wọ́n ní kí n mú wá."

Ajíbóyè wọn okùn náà fún un, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan lé e nítorí ọmọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Fámódùn ti la imọ̀ ọ̀pẹ, ó hun ìgèrè méjì. Ìgèrè rí bí agogo. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Igi wẹ́wẹ́ dojú kọ inú níbi ẹnu rẹ̀, ẹja lè tì í wọlé, kò lè tì í jáde. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lájà. Kò mú ìwọ̀ kan dání, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa tàn án.

Ní Ọjọ́rú ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀. Ọkọ̀ náà gba inú Iléṣà kọjá. Wọ́n kọjá níwájú ilé Màmá Julianah gan-an, ó rí àwọn ìlẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ọwọ́ òfo kò yẹ níbẹ̀. Kò sọ̀. Ó gbé ìgèrè rẹ̀ lé itan títí ó fi dé Òṣú.

Béjidé àgbẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ tí omi náà wà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti mọ ara wọn. Bí Fámódùn bá pa ẹja níbẹ̀, Béjidé á gba tirẹ̀. Nígbà tí ó rí ìgèrè, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá yín dà?"

Fámódùn sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ti ọmọ tó kú, ti ọmọ tó dé, ti ẹnu ẹja. Béjidé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú àdá, ó bọ́ sómi pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n ké ojú oró ní ọ̀nà méjì tóóró, tí kò fẹ̀ ju ẹnu ìgèrè lọ. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ jù, ẹja á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Fámódùn gún èkùrọ́ mọ́ ìfun adìẹ, ó dì í sínú ewé, ó so ó sí ìsàlẹ̀ ìgèrè. Ó ri ìgèrè, ṣùgbọ́n ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó yọ lókè omi ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí. Àrọ̀ a máa wá mí lókè omi. Bí ìgèrè bá rì tán, ẹja inú rẹ̀ á kú bí ènìyàn tí odò gbé. Òkú ẹja kò sì wúlò fún ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, igi kan gún Béjidé ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, akàn kan ló wà nínú ọ̀kan, èkejì ṣófo. Òjò ńlá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àrọ̀ wà nínú ìgèrè àkọ́kọ́. Ó gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Fámódùn fọwọ́ kàn án, kò mira. Omi ti kún nítorí òjò, ó ti bo ìdí ìgèrè mọ́lẹ̀. Ó kú. Fámódùn yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ẹnu náà pé, kò ya níbì kankan. Ó gbé e fún Béjidé. Ó gé igi mẹ́rin tí orí wọn la sí méjì, ó fi gbé ìdí ìgèrè méjèèjì sókè sí i, ó tún ìjẹ tuntun so. Ó wá jókòó sétí omi.

Ibì kan wà láàrin ewé níbi tí omi ti hàn, kò ju ẹnu ìkòkò lọ. Àrọ̀ kan ń wá mí níbẹ̀. Fámódùn ń rí i. Orí rẹ̀ á yọ, ó gbórín, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, á tún yọ. Béjidé tiro wá, ó bá a níbẹ̀. Ó mú ìwọ̀ dání, ìwọ̀ ńlá, tó ti wà lórí okùn òwú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jù ú sí i. Ìyẹn ò ní pẹ́ rárá."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Ẹja tí ẹnu rẹ̀ ya díẹ̀ sàn ju kí ẹ dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo lọ."

"Díẹ̀ náà ni mo wí lọ́jọ́sí."

"Àwọn ará Iléṣà ò mọ òfin ilé yín. Wọn ò tiẹ̀ ní wo ẹnu ẹ̀."

Fámódùn gba ìwọ̀ náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ṣóńṣó rẹ̀ wò, ó mú. Orí ẹja náà tún yọ. Ó wò ó títí ó fi wọ omi padà. Ó dá ìwọ̀ padà fún Béjidé.

"Ọmọ ni yóò fi orí gbà á," ó wí. "Kì í ṣe àwọn ará Iléṣà."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ìgèrè kejì mì. Fámódùn wọ omi dé àyà. Àrọ̀ náà wúwo, dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ pé. Ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fi tọ́ ètè rẹ̀ yí ká lókè àti nísàlẹ̀. Ojú ọgbẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ó gbé e sínú garawa omi, ó fi ojú oró díẹ̀ bò ó kí oòrùn ọjọ́ kejì má bàa pa á. Béjidé ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n mọ ara wọn ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni Béjidé kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Béjidé ní òun ìbá bá a dé Iléṣà, bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ tó wú. Fámódùn ní kí ó jókòó. Ó ní ènìyàn kì í mú ẹlẹ́rìí lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ó wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí ó dé, yàrá ìgbàlejò ti kún. Àwọn ará ìjọ jókòó, funfun ni wọ́n wọ̀. Ọlọ́runyọmí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gba garawa, ó gbé e sí àárín ilé. Màmá Julianah ní, "Ẹ káàbọ̀, àna wa," ó fi ìjókòó hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Lábíkẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n gbé sí igun ilé, ọmọ wà lápá rẹ̀. Ó ti sanra. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ kú àtijọ́."

"Lábíkẹ́, o kú ewu."

Fámódùn na ọwọ́ láti gba ọmọ. Màmá Julianah ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná." Fámódùn fa ọwọ́ padà.

Wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn náà Màmá Julianah ká ojú oró kúrò lójú garawa. Ẹja náà yọrí, ó gbé afẹ́fẹ́ mì, ó sì dúró níbẹ̀. Obìnrin náà wò ó. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ta ẹja ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Ó mú un lórí, ó ya ẹnu rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Ó tún un wò.

"Àna wa, kí ni ẹ fi ń pa ẹja?"

"Ìwọ̀ ni."

"Ojú ìwọ̀ dà?"

"Ìgèrè ni mo fi mú èyí."

"Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti ń dẹ ìgèrè?"

"Àkọ́kọ́ rèé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú àwọn ará ìjọ. Màmá Julianah kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run," ó wí. "Oníwọ̀ mú ẹja wá, ìwọ̀ ò kàn án. Mo mú un lórí, kò jà. Mo na ọwọ́ sí i, ó yọrí wá, ó ń retí kí n fún un lóúnjẹ. Ẹja wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èyí tí wọ́n ń bọ ní Òṣogbo ni! Igbá ni wọ́n fi bù ú!"

"Ó ń mí ni," Fámódùn wí. "Àrọ̀ a máa mí. Ẹ̀yin náà ti tà á rí, ẹ mọ̀."

"Àrọ̀ tí mo tà, gbogbo rẹ̀ ló ní ojú ìwọ̀."

"Òṣú ni mo ti mú un. Ẹ ránṣẹ́ sí Béjidé ní Òṣú. Omi rẹ̀ ni."

"Ká so ọmọ rọ̀ ká máa retí Béjidé?"

Fámódùn wo Ọlọ́runyọmí. Ọlọ́runyọmí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Màmá Julianah pàtẹ́wọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ọmọbìnrin kan gbé àwo wọlé. Ẹja mìíràn wà lórí rẹ̀. Láti àná ni wọ́n ti rà á lọ́jà, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣì ń mira díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀ ti fa ètè rẹ̀ ya dé ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹran pupa hàn níbẹ̀.

"Ẹ má lo tèmi," Fámódùn wí. "Ẹ dà á nù. Mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn kàn án lórí."

"Nítorí kí ni?"

Fámódùn yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Lábíkẹ́, sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. O mọ ìdí tí mi ò fi mú ìwọ̀. Wọn ò ní gbọ́ tèmi. Wọ́n á gbọ́ tìrẹ."

Gbogbo ilé wo Lábíkẹ́. Ó wo ẹja orí àwo, ó wò ó dáadáa, ó sì fa ọmọ mọ́ àyà. Ó la ẹnu. Màmá Julianah ní, "Lucy, kí ni ìdí ẹ̀? Ṣé ìwọ náà ṣì wà nínú nǹkan wọ̀nyẹn ni?"

Lábíkẹ́ pa ẹnu dé. Nígbà tí ó tún la á, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, Màmá." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n garawa ló ń wò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ ọmọ."

Màmá Julianah gbé ẹja orí àwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Lábíkẹ́ gbé ọmọ síwájú, ó di ojú.

Fámódùn kó ojú oró nílẹ̀, ó fi bo ẹja rẹ̀. Ó dìde, ó gbé garawa lé orí, ó sì jáde.